Àlejò Nínú Òru Ṣàgámù

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú ní Ṣàgámù, òtítọ́ òwe yìí á hàn kedere. Ibẹ̀ ni ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ti pàdé èyí tó lọ sí Ọ̀rẹ̀ àti Benin, nítorí náà àlejò kì í wọ́n níbẹ̀. Iná ni ojú wọn ń kọ́kọ́ rí: iná ilé epo, iná ilé ìtura, iná ilé ọtí tí orin ń bú jáde láti inú rẹ̀. Ẹlòmíràn á jẹ súyà, á mu ìgò ọtí kan, á sùn mọ́jú, á sì padà sílé lọ máa ròyìn pé òun ti mọ òru Ṣàgámù. Ẹ̀bá títì ló mọ̀.

Òru ìlú gan-an wà nínú lọ́hùn-ún. Ní 1872 ni ìlú 13 para pọ̀ di Ṣàgámù, síbẹ̀ kò sí èyí tó sọ orúkọ rẹ̀ nù nínú wọn. Òfin ni ààfin Akárìgbò wà. Ewùsì ló ń jọba ní Mákùn. Ládùúgbò báyìí, òru kì í pariwo. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ ìkọ́kọrẹ́ tàbí òjòjò tètè jáde lọ rà á ní ìrọ̀lẹ́. Sábó sì tún yàtọ̀, níbi tí àwọn oníṣòwò obì láti Òkè Ọya ti fìdí kalẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Ṣùgbọ́n òru kan wà tí kì í ṣe ti gbogbo ènìyàn. Bí Orò bá jáde, obìnrin kò gbọdọ̀ rí i. Ní oṣù Keje ọdún 1999, ìròyìn kàn pé wọ́n pa obìnrin Hausa kan ní Ṣàgámù nítorí pé ó wà níta lásìkò Orò. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín Hausa àti Yorùbá, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ṣòfò, ilé sì jóná. Kò pé ọjọ́ mélòó kan tí wọ́n fi gbẹ̀san ní Kánò, lára àwọn Yorùbá tí ẹlòmíràn nínú wọn kò tẹ Ṣàgámù rí láyé rẹ̀.

Àwọn kan ṣì ń sọ pé ó yẹ kí obìnrin náà ti mọ̀. Èyí kò tọ̀nà. Ìṣẹ̀ṣe kan kò níyì tó ẹ̀mí ènìyàn, onílé ló sì jẹ àlejò ní gbèsè àlàyé. Agogo akéde tó dún ní Òfin kò lè dé etí ẹni tó wà nílé ìtura lẹ́bàá márosẹ̀.

Ìlú mìíràn náà ní òfin òru tirẹ̀. Ní Fukuoka, ìlú kan tó jìnnà sí Tokyo ní ilẹ̀ Jápáànì, àwọn ìsọ̀ oúnjẹ kéékèèké tí wọ́n ń pè ní yatai máa ń ṣí lẹ́bàá títì bí alẹ́ bá ti lẹ́. Àlejò àti onílé a máa fara kanra lórí àga níbẹ̀. Ní 2013, ìjọba ìlú náà ṣe òfin fún àwọn ìsọ̀ wọ̀nyí, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí gbogbo ayé lè kà á.

Ẹlòmíràn á ní oúnjẹ kọ́ ni Orò, pé awo ni. Lóòótọ́ ni. Ohun tó wà nínú Orò ni awo; ọjọ́ àti wákàtí rẹ̀ kì í ṣe awo. Ó yẹ kí wọ́n kéde rẹ̀ lédè Hausa ní Sábó, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ní ibùdókọ̀ àti nílé ìtura ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí wọ́n sì yọ̀ǹda ọ̀nà fún nọ́ọ̀sì tó ń lọ síṣẹ́ òru. Obìnrin tó ń rọbí kò lè bẹ ọmọ inú rẹ̀ pé kó dúró di òwúrọ̀. Èyí tó ṣòro jù ni ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ Benin ní aago mẹ́wàá alẹ́, tí kò mọ ẹnì kankan nílùú. Awakọ̀ ló kù tó lè sọ fún un, bí àwọn ará ìlú bá ti sọ fún awakọ̀.