Aṣọ Nìkan Kò Tó: Ẹ̀kọ́ Ìtẹ̀síwájú fún Nọ́ọ̀sì Ìtọ́jú Àkànṣe ní Paynesville

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ tó ti àgbà, kò lè ní àkísà tó ti àgbà. Ìwé àṣẹ tí nọ́ọ̀sì gbà lẹ́yìn ìdánwò ni aṣọ. Ohun tí ojú rẹ̀ ti rí lẹ́bàá ibùsùn ẹni tí ó wà láàrin ikú àti ìyè ni àkísà. Àwọn alákòóso ètò ìlera ní ilẹ̀ wa a máa ka aṣọ, wọn kì í ka àkísà. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò lọ́jú pọ̀: nọ́ọ̀sì tí yóò wọ iyàrá ìtọ́jú àkànṣe gbọ́dọ̀ máa kọ́ iṣẹ́ náà lẹ́bàá ibùsùn aláìsàn, lábẹ́ ẹni tí ó ti mọ̀ ọ́n, láàrin wákàtí tí a ń sanwó rẹ̀ fún un, ẹ̀kọ́ náà kò sì gbọdọ̀ dópin nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn bá kásẹ̀ nílẹ̀. Ìlú Paynesville, tí ó wà ní ìlà-oòrùn Monrovia ní ilẹ̀ Làìbéríà, ni ẹlẹ́rìí mi.

Láti ọdún 1965 ni ilé ìwòsàn ELWA ti wà ní Paynesville. Nígbà tí àrùn Ebola jà ní ọdún 2014, ibẹ̀ ni àjọ Médecins Sans Frontières pa àgọ́ ìtọ́jú ELWA 3 sí ní oṣù kẹjọ. Ibùsùn 120 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Kí ó tó pẹ́, ó di 250. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ àárín àwọn aláìsàn láìkọ́ bí a ṣe ń wọ aṣọ ààbò àti bí a ṣe ń bọ́ ọ, ẹnìkan kì í sì í dá wọlé: ẹnìkejì ní láti máa ṣọ́ ọ. Ní Paynesville yìí kan náà, ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọlọ́pàá, ni àwọn ológun Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ní oṣù kẹwàá ọdún náà. Àwọn tí wọ́n kọ́ jákèjádò orílẹ̀-èdè náà lé ní 1,500.

Ẹ̀kọ́ náà dára. Ṣùgbọ́n kí á tó kọ́ ọ, ọ̀pọ̀ ti lọ. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ọdún 2015, òṣìṣẹ́ ìlera 378 ni àrùn náà mú ní Làìbéríà; 192 nínú wọn ló kú. A kì í dúró di ọjọ́ ogun kí á tó máa pọ́n ọfà.

Ẹ̀kọ́ ọjọ́ iná ni èyí, àrùn kan ṣoṣo ló sì dá lé. Àwọn àgọ́ ti túká, àwọn àlejò ti padà sílé, ṣùgbọ́n ìyá tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ kò dẹ́kun wíwá, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí ibà ti gun ọpọlọ rẹ̀, àti ọ̀dọ́mọkùnrin tí alùpùpù ti gbá lórí. Ẹ rántí Salome Karwah. Ebola pa òbí rẹ̀ méjèèjì. Òun yè é ní ELWA 3, ó sì padà síbẹ̀ láti tọ́jú ẹlòmíràn. Ìwé ìròyìn Time fi àwòrán rẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé ní oṣù kejìlá ọdún 2014. Ní oṣù kejì ọdún 2017, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí ó bímọ, gìrì mú un, ó sì kú. Àwọn ẹbí rẹ̀ sọ fún àwọn oníròyìn pé ìbẹ̀rù kò jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera fẹ́ fọwọ́ kàn án. Èmi kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé gìrì lẹ́yìn ìbímọ kì í ṣe àrùn àjèjì. Ohun tí nọ́ọ̀sì ń bá pàdé lójoojúmọ́ ni.

Ẹ̀yin olùkọ́ èdè, ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí yín. Ẹ mọ̀ pé ẹni tí ó há gírámà sórí kò tíì gbọ́ èdè. Bẹ́ẹ̀ náà ni ara aláìsàn. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, shock, jìnnìjìnnì ni í jẹ́ lẹ́nu ará ọjà; ní iyàrá ìtọ́jú àkànṣe, ohun tí ó jẹ́ ni pé ẹ̀jẹ̀ kò dé ibi tí ó yẹ kí ó dé nínú ara. Akẹ́kọ̀ọ́ lè kọ ìtumọ̀ yìí sínú ìdánwò kí ó gba máàkì tí ó pé. Ṣùgbọ́n kí ìfúnpá tó já wálẹ̀, èémí ti ń yára, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ti tutù, ìtọ̀ ti dínkù, aláìsàn sì ti ń sọ ìsọkúsọ. Ẹni tí àgbà nọ́ọ̀sì ti fi èyí hàn lára èèyàn lẹ́ẹ̀mẹ́wàá ni yóò rí i ní ìgbà kọkànlá.

Àwọn kan yóò ní, níbo ni ẹ̀rọ wà? Òótọ́ ni pé The New York Times kọ ọ́ ní oṣù kẹrin ọdún 2020 pé ẹ̀rọ tí ń bá aláìsàn mí kò ju mẹ́fà lọ tí ó ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo Làìbéríà, ọ̀kan nínú wọn sì wà lọ́gbà aṣojú Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ èèyàn ṣáájú ẹ̀rọ. Ní ọdún 1952, nígbà tí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ bo ìlú Copenhagen mọ́lẹ̀ tí ẹ̀rọ kò kárí, Dókítà Bjørn Ibsen ní kí á máa fi ọwọ́ tẹ afẹ́fẹ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró àwọn aláìsàn. Nǹkan bí 1,500 akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ló ń gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ara wọn, tọ̀sán-tòru. Inú iṣẹ́ ọwọ́ yẹn ni iyàrá ìtọ́jú àkànṣe ti ṣẹ̀. Ẹ̀rọ tí kò ní ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lò, ẹrù lásán ni.

Àwọn mìíràn yóò ní, bí a bá kọ́ wọn tán, wọn yóò sá lọ sí òkè òkun. Ṣé nítorí pé ọmọbìnrin yóò lọ sílé ọkọ ni ìyá rẹ̀ kò fi ní kọ́ ọ ní ọbẹ̀ sísè? Yóò lọ náà ni. Ebi yóò sì ti pa ilé bàbá rẹ̀ kí ó tó lọ.

Kí ọmọ Nàìjíríà má sì rò pé ọ̀rọ̀ Làìbéríà kò kan òun. Láti Monrovia ni Ebola ti wọ Èkó ní ogúnjọ́ oṣù keje ọdún 2014; ènìyàn 20 ni ó mú, ó pa mẹ́jọ, Dókítà Ameyo Adadevoh sì wà lára wọn. Lọ́dọ̀ wa, nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ṣe ẹ̀kọ́ ìtẹ̀síwájú kí ó tó lè sọ ìwé àṣẹ rẹ̀ di ọ̀tun ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta. Òfin rere ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ inú gbọ̀ngàn, tí a ń jókòó gbọ́ tí a sì ń gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lọ sílé, kò lè kọ́ ọwọ́ ní iṣẹ́ ọwọ́.

Nítorí náà, kí ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan yan àgbà nọ́ọ̀sì tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkọ́ni, kí ó sì dín iye aláìsàn tí ó ń tọ́jú kù. Kí a má ṣe fi aláìsàn tí ó wà láàrin ikú àti ìyè sí ìkáwọ́ ẹni tuntun nìkan, àfi ìgbà tí àgbà yẹn bá ti rí i pé ó tó gbangba sùn lọ́yẹ́. Kí owó ẹ̀kọ́ yìí sì wà nínú ìṣirò owó ọdọọdún ìjọba, kí ó má ṣe jẹ́ ẹ̀bùn tí a ń gbà lọ́wọ́ àlejò nígbà tí òkú bá ti sùn.