Teslim Balogun: Orúkọ Tí Aráàlú Kò Jẹ́ Kó Parẹ́

Bí ẹ bá rí àgbàlagbà kan ní Ìlọ́fà tàbí Ọ̀sí tó máa ń gbọ́ ìròyìn bọ́ọ̀lù nínú rédíò láyé àtijọ́, ẹ dárúkọ "Thunder" fún un, kí ẹ wá wo ojú rẹ̀. Teslim Balogun ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, nítorí pé bó bá gbá bọ́ọ̀lù, bí ìgbà tí àrá bá sán ni. Ó wà lára ikọ̀ Nàìjíríà tó wọkọ̀ ojú omi lọ sí Ìlú Ọba lọ́dún 1949, tí ọ̀pọ̀ wọn fẹsẹ̀ lásán gbá bọ́ọ̀lù níṣojú òyìnbó. Nígbà tó yá, ó padà lọ gbá bọ́ọ̀lù jẹun níbẹ̀, ní Peterborough United, kó tó bọ́ sí Queens Park Rangers lọ́dún 1956.

Nígbà tó fi bàtà bọ́ọ̀lù kọ́, kò jókòó sílé. Ó kọ́ṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá, ó sì fi kọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa títí ọlọ́jọ́ fi dé lóṣù keje, ọdún 1972.

Ibi tá a ń bọ̀ rèé. Lọ́dún 1984 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ pápá ìṣeré tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní Surulere, nílùú Èkó. Ọdún 2007 ni wọ́n tó parí rẹ̀. Ọdún mẹ́tàlélógún gbáko! Ẹni tí wọ́n bí lọ́jọ́ tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ ti lè di bàbá ọmọ. Ní gbogbo àkókò yẹn, kì í ṣe ìjọba ló gbé orúkọ Balogun ró. Àwọn bàbá tó ń ròyìn rẹ̀ fún ọmọ wọn ni.

Ti Rashidi Yekini kò jìnnà sí wa, Ira ní Kwara níhìn-ín ni wọ́n sin ín sí lọ́dún 2012. Òun ló kọ́kọ́ gbá góòlù wọlé fún Nàìjíríà nínú ife ẹ̀yẹ àgbáyé, lọ́dún 1994. Ẹ̀yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n tó fi orúkọ rẹ̀ pe pápá ní Ìlọrin. Kí ló dé tó jẹ́ òkú nìkan là ń yẹ́ sí?

Ti akọ́nimọ̀ọ́gbá tiẹ̀ burú jù. Góòlù là ń kà. Àwọn ọmọ tó kọ́, ta ló ń ka iye wọn? Ní abúlé wa, ẹni tó ti gbá bọ́ọ̀lù rí ló ń fọn fèrè lójú oòrùn, tó ń fowó ara rẹ̀ ra bọ́ọ̀lù, táwọn ọmọ sì ń sáré tẹ̀lé kiri ìgboro. Aráàlú fẹ́ràn rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ìfẹ́ kì í ra àwọ̀n sójú ilé góòlù.

Ohun tá a ń bẹ káńsù Òkè-Èrò àti ti Èkìtì ní Kwara fún kò pọ̀. Kí wọ́n wá irú àwọn wọ̀nyí kàn, kí wọ́n máa fún wọn ní owó oṣù, kí wọ́n sì gé koríko pápá ilé-ẹ̀kọ́ kí sáà tuntun tó wọlé.