Òrùlé Ni Kí Ẹ Fún Ọkọ̀ Ojú Irin Àtijọ́, Ẹ Má Fún Un Ní Èédú

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń sọ pé kí ìjọba tún àwọn ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ tó ń jẹ èédú ṣe, kí wọ́n máa gbé àwọn tó wá ṣe afẹ́ kiri. Wọ́n á ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Òwe náà tọ̀nà, ṣùgbọ́n n kò gbà pé ó di dandan kí a dáná sínú ẹ̀rọ àtijọ́ kí a tó lè rántí orísun wa.

Rélùwéè ní ìtàn lóòótọ́. Ní 1901 ni wọ́n ṣí ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn. Kí 1912 tó parí, ó ti dé Kánò. Àárín àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ni Michael Imoudu ti jáde, ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò ṣeé yọ kúrò nínú ìyanṣẹ́lódì gbogbogbòò ti 1945.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á sọ̀rọ̀ owó. Ọkọ̀ tó ń jẹ èédú kì í ṣe mọ́tò tí a ń yí kọ́kọ́rọ́ sí. Ọ̀pọ̀ wákàtí ni wọ́n á fi dáná kí omi inú àgbá rẹ̀ tó hó débi tí ooru rẹ̀ lè ti irin. Àwọn ọ̀pá inú àgbá náà máa ń jẹra, bí àgbá náà bá sì bú gbàmù, ó lè pa awakọ̀ àti adáná. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, musíọ̀mù kan ra Flying Scotsman ní 2004. Kí ó tó tún padà sójú irin ní 2016, àtúnṣe rẹ̀ ti jẹ mílíọ̀nù 4.2 pọ́n-ùn. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni o!

Ẹni tó bá ní wọ́n ń ṣe é ní Amẹ́ríkà kò parọ́. Lórí ojú irin Cumbres and Toltec, wọ́n ní ẹ̀rọ agbáyìnyín tí wọ́n ṣe ní 1923. Ooru omi ló ń yí abẹ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè sún ara rẹ̀. Ọkọ̀ mìíràn tó ń jẹ èédú ló gbọ́dọ̀ máa tì í lẹ́yìn. Ìnáwó lórí ìnáwó! Ìpínlẹ̀ méjì, Colorado àti New Mexico, ló jọ ni ojú irin náà, síbẹ̀ ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gbé ẹ̀rọ yìí jáde.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, Blue Line bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Marina dé Mile 2 ní oṣù kẹsàn-án 2023. Ìpele kejì, tó yẹ kó gba Alákijà kọjá lọ sí Okokomaiko, la ṣì ń retí. Mo mọ̀ pé ìjọba Èkó ló ni èyí, tí rélùwéè àtijọ́ sì jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Ṣùgbọ́n àpò aráàlú kan náà ni owó méjèèjì ti ń jáde. Ọmọ tó ń dù láti wọ danfó láàárọ̀ kí ó má baà pẹ́ dé iléèwé kò ní lóye ìdí tí a fi ń sun owó nítorí afẹ́ ọjọ́ Sátidé.

Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Kí wọ́n kọ́ òrùlé sórí àwọn ẹ̀rọ náà kí òjò má baà bà wọ́n jẹ́. Kí wọ́n máa fi epo pa irin wọn. Kí ọmọ iléèwé máa wọlé wò wọ́n lọ́fẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n gba ohùn àwọn awakọ̀ àti adáná tó ti fẹ̀yìn tì sílẹ̀. Irin tó wà lábẹ́ òrùlé lè dúró dè wá fún ogún ọdún sí i. Àgbà tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún kò lè dúró. Bí owó bá wà, ọ̀dọ̀ wọn ni kí a kọ́kọ́ gbé e lọ.