Ẹ má fi ẹlẹ́rìndòdò ṣe alátọ̀gbẹ lóore o!

Ká ní ìyá kan tó ní àtọ̀gbẹ wọ mọ́tò láti Ìrẹsà-Adú wá sílé ìwòsàn l'Ógbómọ̀ṣọ́. Ilẹ̀ tó bá mọ́, wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Nọ́ọ̀sì ti ní kò gbọdọ̀ jẹun. Ọmọ ẹ̀ rí i pé ebi ń pa á, ló bá yọ́ ra Lucozade wọlé: "Ìyá mi, ẹ mu díẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀." Ìfẹ́ ni o, àmọ́ ìfẹ́ tó lè di ẹkún ni.

Lóòótọ́, lóde òní, àwọn dókítà mìíràn máa ń fún aláìsàn lómi dídùn tó mọ́ gaara, ní wákàtí méjì ṣáájú iṣẹ́ abẹ, kí ara ẹ̀ lè lókun. Ti alátọ̀gbẹ yàtọ̀. Ṣúgà lè fò sókè nínú ẹ̀jẹ̀, ojú ọgbẹ́ ò sì ní í tètè jinná. Àtọ̀gbẹ tó ti pẹ́ lára tún lè mú kí ikùn lọ́ra. Bó bá bì lójú oorun abẹ, tí èébì gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ, wàhálà dé nìyẹn. Àwọn dókítà fúnra wọn ò tíì fẹnu kò lórí ẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, ebi àpajù náà léwu fẹ́ni tó ti gba abẹ́rẹ́ insulin. Bó bá ń làágùn, tó ń gbọ̀n, ẹ ké sí nọ́ọ̀sì kíá. Ẹ ka gbogbo oògùn tó ń lò fún dókítà, kẹ́ ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe tiẹ̀ láàárọ̀. Ẹ̀kọ mímu kì í ṣomi o, oúnjẹ ni. Ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó fún un.