Sólà Wo Ni Ó Yẹ Kí Ènìyàn Rà?

Ọ̀pọ̀ olùrà a máa béèrè ohun kan ṣoṣo nípa pánẹ́ẹ̀lì sólà: èwo ni ó lágbára jù? Ìbéèrè náà kò burú, ṣùgbọ́n kò tó.

Oríṣi mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀. Èkíní ni dúdú, tí a gé láti ara ẹyọ kírísítálì sílíkọ́nì kan ṣoṣo. Èkejì ni aláwọ̀ búlúù, tí ó ní ọ̀pọ̀ kírísítálì nínú. Àwọn ilé iṣẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe é mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì wà lọ́jà. Ẹ̀kẹta ni èyí tí a tẹ́ ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí gíláàsì. Bí oòrùn ọ̀sán gangan bá fi agbára 1,000 wáàtì kan ojú ilẹ̀ tí ó jẹ́ mítà kan níbùú, mítà kan lóròó, dúdú a máa sọ nǹkan bí 200 sí 230 di iná, búlúù 150 sí 180. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a fi sílíkọ́nì ṣe kì í sábà ju 100 lọ. Ní ọdún 1954, èyí tí àwọn onímọ̀ Bell ṣe ní Amẹ́ríkà kò lè mú ju nǹkan bí 60 jáde.

Síbẹ̀, wáàtì 300 kò ju wáàtì 300 lọ. Búlúù tí ó jẹ́ 300 ní tòótọ́ àti dúdú tí ó jẹ́ 300, iṣẹ́ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba; àyè ni búlúù yóò gbà jù. Ẹni tí òrùlé rẹ̀ kéré ní ìlú, kí ó ra dúdú. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, tí ó fẹ́ fi fa omi kànga, kí ni yóò san owó lé e fún, bí búlúù bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn?

Ohun tí ń jẹ owó olùrà jù ni ìlòkulò. Bí sílíkọ́nì bá ti gbóná kọjá ìwọ̀n 25, ìwọ̀n 10 kọ̀ọ̀kan a máa mú nǹkan bí ìdá 3 sí 5 nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ lọ. Nítorí náà, kí a fi àyè sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Eruku ọyẹ́ a máa bò ó lójú. Kí a fi omi àti aṣọ rírọ̀ nù ún ní òwúrọ̀. Òjìji ẹ̀ka igi kan ṣoṣo lè ṣe é léṣe ju bí ó ti kéré tó lọ, nítorí a so àwọn ẹyọ inú rẹ̀ pọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀.

Ilé ìtọ́jú tí ó gbé dúdú olówó iyebíye sábẹ́ igi máńgòrò lè bá abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ó ti bàjẹ́ nínú fìríìjì. Kí olùrà kọ́kọ́ wo àyè àti òjìji ilé rẹ̀, lẹ́yìn náà ni kí ó tó wo ọjà.