Kì í Ṣe Ìrókò Ló Ń Gbé Bẹ́ńṣì Dúró

Bí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ bá ṣe fíríìdọ̀mù tán, tó ní òun fẹ́ kan bẹ́ńṣì tòun, ohun kan náà ni gbogbo àgbà ìdí iṣẹ́ máa sọ fún un: "Lọ wá ìrókò. Bí o ò bá rí ìrókò, wá apá. Bẹ́ńṣì tí kò wúwo, mímì ló máa mì." Ọmọ náà á lọ sọ́jà pákó, á gbọ́ iye tí wọ́n ń pè é, á sì rọra padà sílé. Láti ọjọ́ náà, orí ilẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Á fẹsẹ̀ tẹ pákó mọ́lẹ̀, á bẹ̀rẹ̀, á máa rẹ́ ẹ. Mo mọ àwọn tó ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, tí wọn ò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, tí ẹ̀yìn sì ti ń dùn wọ́n bí arúgbó. Ìrókò tí wọ́n ń dúró dè ló sọ wọ́n di ẹni ilẹ̀ẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọn ò nílò rẹ̀ rárá.

Èmi náà gbà á gbọ́ rí. Ọdún tí mo dá dúró, gbogbo owó tí mo pa nídìí òrùlé méjì ni mo kó lé ìrókò. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ki pọ́pọ́. Orí rẹ̀ nípọn ní íǹṣì 3, ó fẹ̀ ní íǹṣì 24. Ọkùnrin mẹ́rin ló bá mi gbé e wọlé. Ìgbà òjò ni mo kàn án, ìṣó gígùn ni mo sì fi kàn án. Ọyẹ́ ò tíì dé tán tí bẹ́ńṣì náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Bí mo bá ti ìfági síwájú, orí bẹ́ńṣì á bá a lọ. Bí mo bá fà á padà, á bá a padà wálé. Mo kan ìṣó kún ìṣó títí ó fi dà bí ẹ̀yìn òòrẹ̀. Ọ̀gá mi wá wò ó, wọ́n ní igi náà ni kò gbó. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ìrókò wo ló tún gbó jù báyìí lọ?" Wọn ò dá mi lóhùn.

Ó pẹ́ kí n tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, igi tútù ni mo rà. Igi tó ń gbẹ máa ń súnkì ní ìbú rẹ̀, kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ súnkì ní gígùn, nítorí náà gbogbo oríkèé tí mo kàn pọ̀ ló yẹ̀ lára wọn. (Àwọn tó ń fi afẹ́fẹ́ lásán gbẹ pákó a máa ka nǹkan bí ọdún kan fún íǹṣì kan. Ta ló ní sùúrù yẹn fún ìrókò oníǹṣì mẹ́ta?) Lẹ́ẹ̀kejì, ojú ibi tí wọ́n ti rẹ́ igi, níbi tí iṣan rẹ̀ parí sí, ni mo kan ìṣó sí. Ìṣó kì í di ibẹ̀ mú dáadáa, ì báà jẹ́ igi ọba.

Èyí tó burú jù ni pé mi ò bi ara mi pé kí ni ìfági ń ṣe sí bẹ́ńṣì gan-an. Ó ń tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni. Líle igi wúlò bí ẹ bá ń fi òòlù lù ú, kó má baà kún fún ojú àpá. Kò mọ nǹkan kan nípa títì. Ẹ wá igi tín-ín-rín mẹ́rin, ẹ fi ìṣó kọ̀ọ̀kan so wọ́n pọ̀ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ wá fọwọ́ tì í. Á dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tí oorun ń kùn, ìrókò ni o, arère ni o. Ẹ yọ ọ̀kan kúrò, ẹ so mẹ́ta tó kù pọ̀ di igun mẹ́ta. Ẹ tì í títí ilẹ̀ fi máa ṣú, kò ní yẹ̀ àfi bí igi bá ṣẹ́.

Ohun tó ń dùn mí ni pé gbogbo wa la mọ èyí. Ta ni nínú wa tó jẹ́ kan òrùlé láìfi igi dábùú rẹ̀ ní ìdagun, kí atẹ́gùn má baà gbé e? Arère àti mẹ́línà la sì fi ń kan ọ̀pọ̀ òrùlé yẹn, tí wọ́n ń dúró nínú ìjì. Àmọ́ bí a bá ti sọ̀ kalẹ̀ látorí àjà wá sí ṣọ́ọ̀bù, a ó gbàgbé igi ìdagun, a ó máa wá igi olówó gọbọi.

Kì í ṣe igun mẹ́ta nìkan ni ọgbọ́n tó wà. Ní 1812, Peter Nicholson, ọmọ Scotland, gbé ìwé kan jáde tó pè ní Mechanical Exercises. Bẹ́ńṣì tó wà nínú rẹ̀ ní pákó fífẹ̀ kan tí wọ́n dá dúró gbọọrọ sí ìhà rẹ̀, láti ẹsẹ̀ dé ẹsẹ̀. Páìnì, igi rírọ̀, ni àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń fi kan irú bẹ́ńṣì bẹ́ẹ̀. Ọgbọ́n ibẹ̀ kò le. Pákó tú-báì-fọ́ọ̀ tí ẹ bá tẹ́ pẹlẹbẹ, bí ẹ bá dá a dúró lórí ìhà rẹ̀ tóóró, á fi ìlọ́po mẹ́rin le sí i láti tẹ̀. Igi kan náà, owó kan náà. Mo ṣe ìṣirò ti ìrókò mi àtijọ́: pákó arère kan ṣoṣo, wàn-báì-twẹ́ẹ̀fù, tí a dá dúró sábẹ́ bẹ́ńṣì, ṣòroó tẹ̀ ju gbogbo orí ìrókò oníǹṣì mẹ́ta yẹn lọ, bí a tilẹ̀ ka rírọ̀ arère mọ́ ọn. Méjì lẹ máa fi síbẹ̀, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn.

Àwọn àgbà á ní, "Ìwúwo ńkọ́?" Òótọ́ ni, bẹ́ńṣì fífúyẹ́ lè máa rìn lórí ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwúwo kì í ṣe ohun tí ẹ ó lọ rà ní ọjà pákó. Ẹ ki iyanrìn sínú àpò sìmẹ́ńtì méjì, ẹ gbé e sórí pẹpẹ ìsàlẹ̀. Ó ti lé ní 100 kílò nìyẹn. Ẹ wo àwọn mìíràn tí tábìlì wọn ò gbọ́dọ̀ mì: ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ọdẹ ló máa ń tún ọta ìbọn wọn dì fúnra wọn nílé. Wọ́n á fi èèpo ọta sínú ẹ̀rọ kan tó wà ní etí tábìlì, wọ́n á fa ọwọ́ rẹ̀ gígùn wálẹ̀ pẹ̀lú agbára, fífà yẹn á sì fẹ́ da tábìlì náà lé wọn lórí. Orí tábìlì kan náà ni wọ́n ti ń wọn ẹ̀tù lórí òṣùwọ̀n kékeré, ní ìwọ̀n tí 7,000 rẹ̀ ń jẹ́ pọ́n-ùn kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ṣi ẹ̀tù wọ̀n lè pàdánù ojú. Tú-báì-fọ́ọ̀ páìnì àti pílíúùdù ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi kan tábìlì yẹn: wọ́n dè é mọ́ ògiri, wọ́n sì kó ẹrù wúwo sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ibì kan wà tí mo gbà fún àwọn àgbà. Ikán kì í fẹ́ ìrókò, ó sì fẹ́ràn arère. Ẹ kun arère ní Solignum, oògùn ikán, ẹ gbé ẹsẹ̀ bẹ́ńṣì lé kọnkéré, kó má fara kan erùpẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ lo fáìsì, ẹ wá àjákù igi líle kan sí abẹ́ rẹ̀ nìkan.

Bẹ́ńṣì tí mo ń lò báyìí, arère ni. Mo gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ wọnú kí pákó ìhà lè jókòó sínú rẹ̀, mo fi bóòtù àti nọ́ọ̀tì dè é, kì í ṣe ìṣó. Lẹ́yìn ọyẹ́ àkọ́kọ́, mo fi sípánà fún nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan díẹ̀ sí i. Igi ìdagun méjì wà lẹ́yìn. Mo bu omi kún ife dé etí, mo gbé e sí ìpẹ̀kun kan, mo ń fá pákó ní ìpẹ̀kun kejì. Ẹni tó bá ń jiyàn, kó mú ìfági rẹ̀ dání wá. Èmi á bu omi sí ife.