Ta Ló Ni Ọ̀nà Bọ́ọ̀sì?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí lè má dùn létí àwọn kan nínú wa, pàápàá ẹ̀yin tí Ọlọ́run ti fi mọ́tò jíǹkí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á dé òpin kí ẹ tó bínú sí mi.

Ìkòròdú ni mo ń gbé. Aago mẹ́rin ìdájí ni mo ń jí lọ síbi iṣẹ́ ìjọba, nítorí ẹni tí aago márùn-ún ààbọ̀ bá bá nílé, ìlà tí yóò bá ní ibùdókọ̀ á gùn ju ìlà gbígba ìbùkún lọ. Mo mọ àwọn tó ń tò síbẹ̀: nọ́ọ̀sì, tíṣà, àwọn ìyá tó ń tajà ní Balógun, àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, bọ́ọ̀sì BRT tí a wọ̀ kọjá Mile 12, ó dé Kétu, ó bá dúró gbagidi. Gbogbo wa na ọrùn. Ọkọ̀ kò bàjẹ́. Mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ bíi mẹ́sàn-án ló ti yà wọ inú ọ̀nà tí wọ́n là sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì, wọ́n sì há síbẹ̀, wọn kò rí ibi jáde sí. Jíìpù dúdú kan ló wà níwájú wa gan-an. Ẹnì kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀. Ṣítíkà ìjọ wa ló wà lára gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀.

Obìnrin kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ka ṣítíkà náà sókè, ó ní, "Ẹ wo àwọn ọmọ Ọlọ́run o!" Èrò rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí débi pé mi ò lè sọ pé pásítọ̀ ni mí. Ogójì ìṣẹ́jú la lò níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bá ara wa sòótọ́. A lé ní àádọ́ta nínú bọ́ọ̀sì yẹn. Àwọn tó wà nínú mọ́tò mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, bóyá ni wọ́n pé méjìlá. Ta ló fún ẹni méjìlá láṣẹ láti dá àádọ́ta dúró? Áhábù ní ààfin, ó ní ilẹ̀ rẹpẹtẹ, síbẹ̀ ọgbà àjàrà kan ṣoṣo tí Nábótì ní ló wọ̀ ọ́ lójú. Ẹ̀yin onímọ́tò ní gbogbo ìyókù títì. Ẹyọ kan yìí ni tiwa.

Ọ̀nà yìí kì í sì í ṣe ẹ̀bùn òjijì. Ọdún 2002 ni wọ́n dá LAMATA sílẹ̀ láti bójú tó ìrìnnà Èkó. Nígbà tó di oṣù kẹta ọdún 2008, bọ́ọ̀sì BRT bẹ̀rẹ̀ sí ná Mile 12 sí CMS, ọ̀nà tó tó kìlómítà 22. Ní ibi púpọ̀ wọ́n fi kọnkéré pààlà, ní ibòmíràn ọ̀dà lásán ni wọ́n fi fa ìlà. Ní 2015 ó dé ọ̀dọ̀ wa ní Ìkòròdú, ní 2020 wọ́n ṣí ti Òṣòdì sí Abúlé Ẹ̀gbá. Ọ̀nà tó dá wà yẹn gan-an ni oògùn súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, kì í ṣe àwọ̀ tí wọ́n kùn sára bọ́ọ̀sì. Bí bọ́ọ̀sì bá ń tò sínú gó-sílò pẹ̀lú gbogbo ayé, mólúè tó wẹ̀ ni.

Ẹ wo bí ìpalára náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Ká ní bọ́ọ̀sì kan ń lọ tó ń bọ̀ ní wákàtí méjì. Láti aago márùn-ún sí mọ́kànlá òwúrọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni yóò ná ọ̀nà náà. Tí ẹ bá wá dí i lọ́nà tó fi di wákàtí mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni. Nínú bọ́ọ̀sì mẹ́ta, ẹ ti gba ẹyọ kan lọ́wọ́ ará ìlú nìyẹn, láìdáná sun ún. Ìlà ibùdókọ̀ á gùn sí i. Ẹni tó bá lágbára díẹ̀ á ní ó ti sú òun, á lọ ra tòkunbọ̀, òun náà á bọ́ sójú títì. Ta ni gó-sílò ọ̀la á wá bá?

Àwọn kan ní kí ìjọba sáà fẹ títì. Afárá kẹta tó lọ sí Èkó, tí wọ́n parí ní 1990, ó tó kìlómítà 12, kò sì kéré. Ẹ bi ẹni tó ń gbà á láago méje àárọ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, ìjọba pín ọjọ́ fún mọ́tò gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà wọn. Kí ni olówó ṣe? Ó ra ìkejì tí nọ́ńbà rẹ̀ yàtọ̀! Jákàǹdè sì ti fẹ́ ṣe ọkọ̀ ojú irin fún Èkó, àmọ́ ìjọba ológun wọ́gi lé e ní 1985. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni èrò tó wọ ọkọ̀ ojú irin láti Marina sí Mile 2, ti Agbádó sí Oyìngbò tẹ̀ lé e ní 2024. Mo dúpẹ́ fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n kò dé Ìkòròdú. Ọ̀nà bọ́ọ̀sì ni reluwé tiwa.

Àwọn ará wa ní Lọ́ńdọ̀nù mọ̀ pé láti 2003 ni onímọ́tò tó bá fẹ́ wọ àárín ìlú lọ́jọ́ iṣẹ́ ti ń sanwó, pọ́n-ùn márùn-ún ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, òfin sì ní ìrìnnà ni kí wọ́n ná èrè rẹ̀ lé lórí. Ẹ̀yin tó ń lọ síbẹ̀ ń wọ bọ́ọ̀sì, ẹ tún ń ya fọ́tò. Kí ló dé tó fi di ẹ̀tẹ́ nílé?

Díákónì kan dá mi lóhùn pé, "Pásítọ̀, bọ́ọ̀sì ò tó, ẹ má dá wa lẹ́bi." Òótọ́ lẹ sọ, sà. Kò tó. Ìjọba ló jẹ̀bi ìyẹn, n kò sì ní torí pé ibẹ̀ ni mo ti ń gbowó oṣù kí n pa á mọ́. Ọkọ̀ onísáírìn àti ọkọ̀ agbófinró ni mo sábà ń rí tó kọ́kọ́ ń wọ ọ̀nà yẹn, àwọn yòókù á wá tẹ̀ lé wọn. Òfin ìpínlẹ̀ Èkó kà á léèwọ̀, kí wọ́n mú ọ̀gá kí wọ́n tó mú mẹ̀kúnnù. Ṣùgbọ́n ta ló ní kí Kristẹni máa tẹ̀ lé sáírìn?

Ẹ jẹ́ ká sì wo ẹnu ọ̀nà tiwa. Lọ́jọ́ Ìsinmi, mọ́tò wa ń gba ìdajì títì, danfó kò lè kọjá, aláboyún tó ń lọ sí ọsibítù náà ń dúró de ìgbà tí a bá ṣe àdúrà ìparí. Mo ti wà lórí àga ìwàásù tí mò ń gbọ́ fèrè ọkọ̀ níta, tí mo sọ pé èṣù ló ń dí wa lọ́wọ́. Ọlọ́run dárí jì mí.

Mo ti rí arákùnrin onjíìpù náà. Ó ní ìpàdé lòun ń sáré lọ. Mo sọ fún un pé èmi náà ní ìpàdé lọ́jọ́ yẹn. Ó bẹ̀bẹ̀, ó sì ti ń gbé aládùúgbò mẹ́ta lọ síbi iṣẹ́ báyìí, ojú títì tiwọn ni wọ́n ń gbà.

Láti ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ oṣù tó ń bọ̀, àwọn aṣọ́nà kò ní gba mọ́tò kankan láyè lójú títì ìjọ, títí kan tèmi bí mo bá ní. Pápá ilé ìwé ni kí a gbé e sí. Lẹ́tà tí a ń kọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, pé kí wọ́n fi bọ́ọ̀sì kún ti Ìkòròdú, kí wọ́n sì lé àwọn onísáírìn kúrò, wà lórí tábìlì lẹ́yìn ìsìn. Kí onímọ́tò àti ẹlẹ́sẹ̀ wá buwọ́ lù ú.